Fláàsìkì tó ń lé mi dìde nídìí máṣìnì

Apá òsì méjì ni mo gé lára léèsì oníléèsì. Ọ̀sẹ̀ Iléyá ni, aago mẹ́ta ọ̀sán ti kọjá, mo sì ti wà nídìí tábìlì láti aago méje àárọ̀. Mo gé apá kan, mi ò rántí yí pátáànù kọjú dé kí n tó gé èkejì. Ìgbà tí mo gbé méjèèjì pọ̀ wò ni mo tó rí i pé ọwọ́ kan náà ni wọ́n. Yáàdì márùn-ún gééré ni oníbàárà mi rà, kò sì sí ìrépé tó ṣẹ́ kù tó lè bo ìgbòǹwọ́. Lọ́jọ́ kejì mo wọ ọkọ̀ lọ sí Gbági láti wá irú rẹ̀, mo rìn títí okùn bàtà mi fi já kí n tó rí èyí tó jọ ọ́. Owó iṣẹ́ tí mo fẹ́ gbà lórí aṣọ náà bá ibẹ̀ lọ, mo tún fi ti àpò mi lé e.

Bàbá àwọn ọmọ mi ò bú mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n kàn ní, "Máṣìnì yẹn, ò ń bu òróró sí i láràárọ̀. Kí lò ń bu sí ara tìẹ?" Mi ò dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn bá mi wọ yàrá sùn.

Mo rí i pé mo nílò ohun tí yóò máa lé mi dìde sinmi. Bí ọ̀rọ̀ ṣe kan fláàsìkì nìyẹn. Oṣù kẹjọ rèé tí mo ti ń lò ó, mo ti mọ ìwà rẹ̀ délẹ̀, ire àti ibi.

Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì tí iná kì í lọ lè ní kí n kúkú ra kẹ́tù oníná. Ṣọ́ọ̀bù mi ń bẹ ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn níbí. Bí iná bá dé, a dúpẹ́. Bí kò bá dé, jẹnẹrétọ̀ kékeré, irú èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní "I better pass my neighbour", la fi ń gbé gílóòbù, fáànù kan àti máṣìnì oníná kan. Jẹnẹrétọ̀ yẹn ò lè gbé tó kílówáàtì kan, bẹ́ẹ̀ kẹ́tù tó kéré jù tí mo rí lọ́jà, 1,500 wáàtì ni wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ti dán an wò rí nígbà tí mi ò sí nílé. Wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ náà kérora bí aláàárù tí wọ́n gbé àpò sìmẹ́ńtì kẹta lé lórí, ó sì dákẹ́ fáú.

Málàmù onítíì wà ní òdìkejì títì lóòótọ́. Tíì rẹ̀ dùn, kì í ṣahun mílíìkì. Ṣùgbọ́n kí n tó rí àyè dá títì Òkè-Àdó kọjá, kí n tó dúró de ẹni tó ń dín ẹyin fún níwájú mi, kí n tó bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tí kò kàn mí, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti lọ, oníbàárà méjì sì ti ń pè mí lórí fóònù. Ìsinmi ìṣẹ́jú márùn-ún tó wà nítòsí ọwọ́ ni mo ń wá.

Fláàsìkì kì í ṣe àjèjì nílé wa. Ti màmá mi, pupa ni, wọ́n ya òdòdó sí i lára, jígí tó ń dán bí fàdákà ló sì wà nínú rẹ̀. Omi tí wọ́n bá rọ sí i lẹ́yìn ìrun àsùbáà ṣì máa ń rú èéfín lálẹ́. Ọjọ́ ìkómọ àbúrò mi ni ẹnì kan fi ìgbáròkó kàn án lórí tábìlì. Pòò! bí ìgbà tí gílóòbù bá bú. Àwọn àlejò rò pé ìbọn ni. Èyí tí wọ́n rà rọ́pò rẹ̀, orí kọ́bọ́ọ̀dù ló gbé títí a fi kúrò nílé yẹn, ọmọdé kankan ò gbọdọ̀ súnmọ́ ọn.

Ọmọ mi tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì sọ fún mi pé ẹni tó kọ́kọ́ ṣe irú nǹkan yìí ò ní tíì lọ́kàn rárá. James Dewar, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó ń ṣiṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ṣe é lọ́dún 1892. Ó ń fi òtútù sọ afẹ́fẹ́ di omi, kò sì fẹ́ kó gbóná padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ki ìgò kan bọnú ìgò kejì, ó fa afẹ́fẹ́ àárín wọn jáde, ooru ò wá rí afárá gbà kọjá mọ́. Kò gba ìwé àṣẹ tó fi hàn pé òun ló ni àrà náà. Àwọn ará Jámánì kan gbé e, wọ́n sọ ọ́ ní Thermos lọ́dún 1904, wọ́n sì ń fi ṣòwò. Dewar pè wọ́n lẹ́jọ́, kò jàre. Gbogbo aránṣọ ló mọ bó ṣe ń dunni tó. Ẹ dá àrà tuntun sọ́rùn búbá lọ́sẹ̀ yìí, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ óò bá a lọ́rùn oníbàárà ẹlòmíràn ní òde ìyàwó, wọ́n á tún bi yín bóyá ẹ lè rán irú rẹ̀.

Tèmi kì í ṣe oníjígí. Irin tí kì í dípẹtà ni, inú àti òde, ó ń gba lítà kan ààbọ̀, aláwọ̀ búlúù. Ògùnpa ni mo ti rà á. Ìyá tó ń tà á pe ₦15,000, mo ṣe bí ẹni ń lọ, ₦11,500 la jọ parí rẹ̀ sí. Kò ní orúkọ gidi kan lára, ṣùgbọ́n páálí rẹ̀ ń pariwo pé yóò mú omi gbóná fún wákàtí 24. Mo ní ká rọ omi gbígbóná sí i ká wò ó ná. Wọ́n ní, "Àǹtí, tẹ́ ẹ bá ti rọ omi sí i, ẹ ti rà á nìyẹn o." Mo sanwó, mo gbé e lọ.

Àṣé àyẹ̀wò yẹn ló yẹ kí n ṣe. Mo rọ omi sí i nílé, kò tó wákàtí kan tí ara rẹ̀ lóde fi ń gbóná nídìí. Fláàsìkì tí òde rẹ̀ bá ń gbóná ti kú: afẹ́fẹ́ ti rí ihò wọ àárín irin méjèèjì, kò wá yàtọ̀ sí kọ́ọ̀bù lásán mọ́. Mo gbé e padà lọ́jọ́ kejì, mo ní kí ìyá náà fọwọ́ kàn án. Ẹlẹ́kọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bu omi gbígbóná fún wa, a rọ ọ́ sínú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, a dúró díẹ̀, a ń fọwọ́ pa wọ́n lára bí ẹni ń yẹ ọmọ tí ibà ń ṣe wò. Èyí tó tutù jù lóde ni mo gbé. Ká sòótọ́, ìyá náà ò bá mi jà. Wọ́n ní ọjọ́ pẹ́ táwọn ti ń ta fláàsìkì, àwọn ò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e ni mo fi dán an wò dáadáa. Mi ò ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru, gàrí ló wà nílé. Mo kọ́kọ́ fi omi gbígbóná ṣan inú rẹ̀, mo dà á nù (ẹ má fo ibẹ̀ yẹn o, irin tútù máa kọ́kọ́ jẹ ìpín tirẹ̀ nínú ooru náà kó tó kàn yín), mo wá rọ omi tó ń hó sí i títí dé ọrùn ní aago mẹ́fà àárọ̀.

Ní aago mẹ́jọ, mo fi po ọ̀gì. Ó dì. Kò dì tó ti orí iná, ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa ò ní dá a padà. Ní aago mẹ́wàá, ọ̀gì kọ̀ jálẹ̀, ó ṣàn bí omi ìfọ̀kọ, àmọ́ mo da gàrí sí omi náà, mo dé e, mo sì ro ẹ̀bà tó fà. Bàbá àwọn ọmọ mi jẹ ẹ́ láìmọ̀ pé ìdánwò ni. Ní aago méjìlá, ẹ̀bà ṣe kókó wẹ́wẹ́, adìẹ ló jẹ ìyẹn. Ní aago méjì, ó ṣì ṣeé fi po tíì. Ní aago márùn-ún, mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo ka ení, èjì, títí dé ogún kí n tó yọ ọ́. Nígbà tí wákàtí 24 yóò fi pé, omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán, irú èyí tí a fi ń wẹ ọmọ tuntun. Òótọ́ ni pé mo ti ń bu nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fláàsìkì tó bá sì ti ń dín, ó máa ń yára tutù. Síbẹ̀, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sí páálí yẹn ti sọ àsọdùn.

Mo kọ́kọ́ bínú sí i. Ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta ni mo wá rí i pé títutù tó ń tutù lọ díẹ̀díẹ̀ yẹn gan-an ló ń ṣe mí láǹfààní. Aláàámù fóònù, mo lè pa á. "Màá sinmi tó bá ṣe díẹ̀," mo ti ń sọ ìyẹn láti ogún ọdún. Ṣùgbọ́n omi tó ń tutù kì í dúró deni. Iṣẹ́ tí omi aago mẹ́sàn-án lè ṣe, omi aago méjìlá ò lè ṣe é, bí mo bá sì jẹ́ kó kọjá, ó kọjá nìyẹn.

Ní bíi aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, tí omi ṣì mú, mo máa ń fi rẹ atalẹ̀ tí mo ti gé wẹ́wẹ́ láti ilé, pẹ̀lú ewé tíì díẹ̀. Omi tó bá ti rẹlẹ̀ ò lè fa ata inú rẹ̀ jáde dáadáa. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè sọ pé ẹ jẹ́ kí n parí kọ́là yìí ná. Kọ́là yìí ná ló máa ń di kọ́là mẹ́ta. Mo máa ń gbé kọ́ọ̀bù lọ sí etí gọ́tà, mi ò kì í mu ún nídìí máṣìnì, torí tíì àti léèsì funfun ò gbọdọ̀ pàdé.

Etí gọ́tà yẹn ni mo ti ń rí orí Cocoa House lókè àwọn òrùlé páànù tó ti pọ́n. Níbi tí mo ti ra gíláàsì ojú lọ́dún kan ni wọ́n ti kọ́ mi pé ẹni tó ń wo nǹkan wínníwínní nítòsí gbọ́dọ̀ máa gbójú wo ọ̀nà jíjìn: ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú, kó wo ohun tó jìn tó ogún ẹsẹ̀ bàtà fún ogún ìṣẹ́jú àáyá. Aránṣọ wo ló ń ka ogún ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ọdún? Èmi ò lè ṣe é. Cocoa House ni mo fi dípò rẹ̀. Ilé alájà 26 tí wọ́n fi owó kòkó kọ́, tí wọ́n parí ní 1965. Mo máa ń ka fèrèsé rẹ̀ láti òkè wálẹ̀. Mi ò tíì kà á débì kan rí, takisí máíkírà kan á fọn fèrè, òǹkà á sì pòórá. Kò burú. Ojú mi ti kúrò lára abẹ́rẹ́.

Ti ọ̀sán ò ní ìtàn. Mo máa ń mu kọ́ọ̀bù kejì pẹ̀lú oúnjẹ, ó tán.

Aago mẹ́ta ni wákàtí tí mo ń bẹ̀rù. Oòrùn á ti bọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, ọrùn á le, ẹsẹ̀ á wú díẹ̀, òwú funfun àti òwú mílíìkì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jọra. Wákàtí apá òsì méjì nìyẹn. Omi inú fláàsìkì ò bóni lára mọ́ nígbà náà. Màá dà á sí abọ́ kékeré, màá ki tówẹ̀lì ìnuwọ́ méjì bọ̀ ọ́, màá fún wọn, màá kọ́kọ́ fi kan ẹ̀yìn ọwọ́ ná kó má lọ jẹ́ pé omi tòní gbóná ju tàná lọ. Ọ̀kan lọ sẹ́yìn ọrùn, níbi tí iṣan ti ta kókó. Èkejì bo ojú. Màá fẹ̀yìn ti ògiri, màá na ẹsẹ̀ sórí àpótí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó pọ̀ jù, mẹ́rin. Nínú òkùnkùn yẹn ni mo ti ń gbọ́ Òkè-Àdó dáadáa: ọmọ tó ń polówó búrẹ́dì, awakọ̀ tó ń pe "Challenge, Challenge, ẹnì kan ṣoṣo," máṣìnì ọmọ iṣẹ́ mi tó ń sáré jù tí mo sì mọ̀ pé òwú yóò já láìpẹ́. Bí mo bá ṣí ojú, òwú funfun á ti padà di funfun.

Oníbàárà kan ká mi mọ́ inú tówẹ̀lì lóṣù Ọ̀pẹ. Ó ní, "Háà, Àǹtí! Aṣọ mi ń bẹ nílẹ̀, ẹ wá ń sùn?" Mo ní n ò sùn o, mò ń wo ibi tí ọrùn rẹ̀ yóò ti jókòó. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò lọ, ó jókòó tì mí títí mo fi dìde.

Ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ mi. Èyí àgbà nínú wọn kọ́kọ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Àǹtí àwọn ti dòyìnbó. Báyìí, oníkálukú ti mú tówẹ̀lì tirẹ̀ wá láti ilé, àwọn ló ń rán mi létí. Òfin kan ṣoṣo ni mo fi lé e: láàárín aago mẹ́ta sí aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sísọ́ọ̀sì ò gbọdọ̀ kan aṣọ aláṣọ. Wọ́n lè ká etí, wọ́n lè tú òwú, wọ́n lè jókòó. Gígé, rárá.

Omi tó ṣẹ́ kù nínú fláàsìkì ni mo fi ń ṣe àlùwàlá alásàárì. Lásìkò òjò, kò já mọ́ nǹkan, omi bọ́kẹ́ẹ̀tì tó. Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́ tó kọjá yìí, tí omi ṣọ́ọ̀bù ń ta èèyàn lára bí abẹ́rẹ́, mo máa ń da omi fláàsìkì lu ti bọ́kẹ́ẹ̀tì nínú bútà. Nígbà tó bá dé ẹsẹ̀ tó ti ń tẹ máṣìnì láti àárọ̀, n ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kì í tẹ máṣìnì. Mo máa ń pẹ́ lórí ẹsẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, Ọlọ́run á foríjì mí.

Ó wá ku àléébù fláàsìkì náà. Ẹnu rẹ̀ há jù, ọwọ́ ò lè wọ inú ẹ̀. Ìkúnwọ́ ìrẹsì gbígbẹ àti omi díẹ̀ ni mo máa ń dà sí i, màá dé e, màá wá máa gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ó ń mọ́, ṣùgbọ́n ariwo ni. Rọ́bà ìdérí rẹ̀ ń rùn fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ó sì máa ń gba òórùn ohun tí wọ́n bá dà sí i. Mo dá ara mi lẹ́jọ́ nípa ti mílíìkì: mo po tíì onímílíìkì sínú rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gbàgbé rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù títí di Mọ́ńdè. Ẹ má bi mí. Ọjọ́ mẹ́ta ni omi ibẹ̀ fi ń rùn bí wàrà kíkan. Láti ìgbà náà, omi lásán ni, ohun gbogbo yòókù di inú kọ́ọ̀bù. Bọ́tìnì orí rẹ̀ ń kán omi tó bá dùbúlẹ̀, nítorí náà ẹ má kì í bọ báàgì tí ìwé tàbí aṣọ oníbàárà wà. Ọ̀dà búlúù rẹ̀ ti ń bó nídìí. Bó bá kún, ó wúwo. Ẹni tó ń gun ọ̀kadà méjì kó tó débi iṣẹ́, kó wá èyí tó kéré sí i.

Kò sì wo ẹ̀yìn mi sàn o. Alẹ́ Sátidé ṣì ń jẹ́ alẹ́ Sátidé. Mi ò tíì tún gé apá òsì méjì láti ìgbà náà. Mo gé ọrùn búbá kan fẹ̀ jù lóṣù Ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n aago mọ́kànlá àárọ̀ ni, kì í ṣe àárẹ̀, òfófó ni mò ń gbọ́ lọ́wọ́.

Nínú máàkì mẹ́wàá, mo fún un ní méje. Irọ́ wákàtí 24 gba méjì lọ, ẹnu tó há gba ọ̀kan. Bí ààwẹ̀ bá wọlé, tíì á dáwọ́ dúró, tówẹ̀lì aago mẹ́ta ò ní dúró, fláàsìkì á sì máa sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi kí n má baà tan gáàsì fún sààrì.

Mo padà sí Ògùnpa lọ́sẹ̀ tó kọjá láti ra ọ̀kan fún àbúrò mi tó ń tajà ní Bódìjà. Ó ti di ₦13,000, búlúù sì ti tán, dúdú àti aláwọ̀ ewé ló kù. Ìyá náà rí mi lókèèrè, wọ́n ti ń pe ẹlẹ́kọ kí n tó dé ìsọ̀ wọn: "Bu omi gbígbóná wá o, oníyẹ̀wò ti dé."